Ẹ Gbọ́ Gbogbo Ẹ̀, Ẹ Tún Mú Èyí Tí Ò Tọ́: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Dánra Wò fún Ìbéèrè A, B, C Nínú IELTS Listening

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lórí IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì táwọn iléèwé òkè òkun máa ń bèèrè, nìyí: "Mo gbọ́ gbogbo nǹkan tí wọ́n sọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣókùnkùn sí mi, kí ló wá dé tí mo mú B tó sì jẹ́ pé C ni?" Àwọn tó ń bèèrè yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa o, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kàwé láti pírámárì dé yunifásítì, wọ́n kàn fẹ́ lọ ṣe másításì lókè òkun ni iléèwé tó fẹ́ gbà wọ́n bá ní kí wọ́n mú èsì IELTS wá. Wọ́n á ṣe practice test kan lónìí, wọ́n á ṣe òmíràn lọ́la, máàkì ò ní kúrò lójú kan.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn kò pọ̀: ìdánwò ṣíṣe kọ́ ló ń gbé máàkì sókè, iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti máàkì ẹ̀ tán ni. Ẹni tó fi ìrọ̀lẹ́ kan tú ìbéèrè mẹ́wàá péré palẹ̀ títí tó fi mọ ìdí tó fi ṣi ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti jèrè ju ẹni tó ṣe odidi ìdánwò mẹ́ta, tó kàn wo iye tó gbà, tó sì lọ sùn.

Ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Listening, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti máa gbọ́ ọ́díò kẹ́ ẹ sì dáhùn ìbéèrè, ní apá mẹ́rin, ìbéèrè 10 ní apá kọ̀ọ̀kan, 40 lápapọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n máa gbé ọ́díò yẹn. Bóyá Academic (ti àwọn tó fẹ́ lọ kàwé ní yunifásítì) lẹ fẹ́ ṣe o, bóyá General Training (tó wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ tàbí ìrìnàjò lọ gbé òkè òkun) ni, Listening kan náà ni. Apá 1, èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀ nǹkan ojoojúmọ́, bíi ẹni tó fẹ́ gba ilé. Apá 2, ẹnì kan ń ṣàlàyé, bíi ẹni tó ń mú àwọn àlejò yíká ọgbà ìgbafẹ́. Apá 3, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jíròrò lórí assignment, nígbà míì olùkọ́ wọn á wà níbẹ̀. Apá 4, lẹ́kíṣọ̀ ni. Ìbéèrè A, B, C lè yọjú níbikíbi, ṣùgbọ́n Apá 2 àti Apá 3 ló ti wọ́pọ̀ jù.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, ẹ máa mú ẹyọ kan nínú mẹ́ta. Èkejì, wọ́n máa tò ó bíi A dé E, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú méjì. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1, wọn kì í sì í yọ máàkì torí pé ẹ gbà á sódì, nítorí náà ẹ má fi ibì kankan sílẹ̀ lófo. Àwọn tó ni ìdánwò yìí fúnra wọn kọ ọ́ pé tẹ́ ẹ bá gba nǹkan bíi 23 nínú 40, band 6 ni (band ni ìpele tí wọ́n fi ń kọ èsì IELTS), nǹkan bíi 30 ni band 7. Ẹ wò ó, máàkì méje péré ló wà láàárín méjèèjì, ìbéèrè A, B, C nìkan lè gbé méje yẹn lọ tàbí kó gbé e wá.

Ẹ kó ìwọ̀nyí jọ ná

- Ìdánwò tó ní ọ́díò, ìdáhùn, àti transcript, ìyẹn gbogbo ọ̀rọ̀ inú ọ́díò tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀. Ti ọ̀fẹ́ wà lórí wẹ́bùsáìtì IELTS fúnra ẹ̀, ti British Council, àti ti IDP, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà. Àwọn ìwé ìdánwò IELTS tí Cambridge ń tẹ̀ náà ní transcript lẹ́yìn.
- Earpiece tó dún dáadáa létí méjèèjì.
- Bírò àwọ̀ méjì, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tẹ́ ò ní fi ṣe nǹkan míì.
- Ọ́díò tẹ́ ẹ ti gbà sórí fóònù kẹ́ ẹ tó jókòó, kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì má lọ já láàárín.

Tí kò bá ti ní transcript, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ọ́díò kan ń kiri lórí WhatsApp tó jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó tó ro ìdáhùn sí i, òmíràn ìdáhùn ẹ̀ ò tọ́ rárá, ẹ ó kàn máa fi ìyẹn ba etí yín jẹ́ ni. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní òun ní expo IELTS, ẹ má fún un lówó. Olè ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Ẹ mú apá kan ṣoṣo, ìbéèrè 10 yẹn náà, ẹ má tíì ṣe odidi ìdánwò. Ẹ ka ìbéèrè fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka A, B, C. Ẹ fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè gan-an: ṣé "kí nìdí" ni, ṣé "kí ló yà á lẹ́nu" ni, ṣé "kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe" ni? Ọ̀pọ̀ máa ń fò ó, wọ́n á lọ dáhùn ohun tí wọn ò bi wọ́n.

2. Ẹ wá wo A, B, C, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹ fàlà sí ìyẹn nìkan. Tí gbogbo ẹ̀ bá kún fún ìlà, kò yàtọ̀ sí pé ẹ ò fàlà rárá.

3. Ẹ bi ara yín pé, tí wọ́n bá fẹ́ sọ nǹkan yìí láì lo ọ̀rọ̀ yìí, báwo ni wọ́n ṣe máa sọ ọ́? Tí ọ́píṣọ̀n kan bá ní "too expensive", ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ "we couldn't afford it" tàbí "it would've cost a fortune". Níbi ìdánwò ẹ ò ní ráyè ṣe èyí fún gbogbo ìbéèrè, ṣùgbọ́n nílé ẹ ṣe é fún gbogbo ẹ̀, ọpọlọ yín ló ń kọ́ ọ, tó bá yá á máa ṣe é fúnra ẹ̀.

4. Ẹ gbé ọ́díò sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má dá a dúró, ẹ má dá a padà, kódà kí ilẹ̀kùn máa dún. Bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́, ẹ fi àmì kékeré síwájú èyí tẹ́ ẹ rò pé ó lè jẹ́, ẹ fi ✗ síwájú èyí tí wọ́n ti sọ pé kì í ṣe òun.

5. Ẹ má tíì yan títí wọ́n fi kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìbéèrè máa ń tẹ̀lé bí ọ́díò ṣe ń lọ, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbéèrè tó kàn, èyí tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ mú èyíkéyìí kẹ́ ẹ sì máa bọ̀. Ẹni tó bá dúró ṣọ̀fọ̀ ìbéèrè kan, ó máa pàdánù méjì.

6. Ẹ máàkì ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí transcript o! Ibí ni púpọ̀ nínú yín ti ń kánjú. Ẹ padà sí ibi tẹ́ ẹ ti ṣìnà nínú ọ́díò, ẹ gbọ́ ọ, ẹ tún un gbọ́, ẹ tún un gbọ́, títí ẹ ó fi lè sọ pé èmi gan-an ti gbọ́ ìdí tó fi jẹ́ C. Tó bá wá lé yín délẹ̀, ó dáa, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

7. Ẹ ṣí transcript. Ẹ fi bírò kan fàlà sábẹ́ gbólóhùn tó gbé ìdáhùn tó tọ́ wá, ẹ fi bírò kejì fàlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba àwọn yòókù. Ẹ máa rí i pé àwọn tí kò tọ́ pàápàá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń mẹ́nu bà á, gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi pa á tì. Gbólóhùn yẹn ni kẹ́ ẹ wá.

8. Ẹ kọ ohun tó fà á sínú ìwé kékeré yẹn. Mẹ́ta péré ló máa ń jẹ́: etí, ìyẹn ni pé ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe pè é, ìtumọ̀, ẹ gbọ́ ọ ketekete ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tó jẹ́, ìdájọ́, ẹ gbọ́ ọ, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ tún mú èyí tí ò tọ́. Ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò ní pẹ́ tí ìwé yẹn á fi sọ èyí tó jẹ́ ìṣòro yín gan-an, torí òògùn wọn ò dọ́gba: ti etí, ẹ máa pe ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ́díò; ti ìtumọ̀, ẹ máa kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun; ti ìdájọ́, ẹ ka apá tó kàn yìí dáadáa.

9. Ẹ gbé ọ́díò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ máa wo transcript, kẹ́ ẹ sì máa pe ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé wọn bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ má tijú.

10. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ìbéèrè yẹn ṣe láìwo nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá tún ṣi ọ̀kan nínú èyí tẹ́ ẹ ti tú palẹ̀, ẹ ò tíì tú u tán.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀kan palẹ̀ pọ̀

Èmi ni mo kọ èyí fúnra mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí.

Why did Sam choose the morning tour?
A. It was cheaper.
B. It had a guide.
C. It gave him more time at the museum.

Ohun tí Sam sọ: "I'd have gone for the one with the guide, to be honest, but it was full by the time I rang. The morning one wasn't any cheaper, it's just that we weren't rushing round the museum before it shut."

B ló kọ́kọ́ dún, "guide" jáde ketekete, ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n "I'd have gone" ló sọ. Ó fẹ́ ẹ, kò rí i gbà, ó ti kún. Ọ́píṣọ̀n A ló tẹ̀lé e, "cheaper" náà jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, "wasn't" tó wà níwájú ẹ̀ ló sì pa á, bẹ́ẹ̀ wọ́n sáré pe "wasn't" yẹn kọjá. Ẹ wá wo C. Kò sí ibi tó ti sọ "more time". Ohun tó sọ ni pé àwọn ò sáré kiri inú mùsíọ́ọ̀mù kó tó di pé wọ́n tì í. Ẹni tí kò sáré, àyè gbà á, àbí? Ìdáhùn nìyẹn.

Àwọn kan ti wá sọ èyí di òfin, wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ọ́píṣọ̀n kan, ẹ má mú un. Irọ́ ni o. Ẹ ṣáà rí i pé "museum" wà nínú C, Sam náà sì pè é. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ọ́píṣọ̀n, kẹ́ ẹ la etí yín sí ohun tó wà níwájú ẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dojú ìdáhùn dé

Ẹ kọ wọ́n sí ojúewé àkọ́kọ́ ìwé kékeré yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ̀kan, ẹ dúró, nǹkan fẹ́ yí padà:

- "originally", "to begin with", "I was going to", "we'd hoped to", "used to": ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó ti yí padà.
- "in the end", "actually", "as it turned out": èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń bọ̀ yìí.
- "rather than", "instead of": èyí tó bá tẹ̀lé e, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.
- "it's not so much the price as the distance": ti iwájú kọ́, ti ẹ̀yìn ni. Èyí ń da èèyàn púpọ̀ láàmú.

Ní Apá 3, wọ́n fẹ́ràn láti máa bèèrè pé kí ni àwọn méjèèjì jọ gbà. Ọ̀kan á dá àbá, ẹnì kejì á fèsì wẹ́rẹ́, èsì yẹn ni ìdáhùn wà. "Exactly", "good point", "absolutely": ó gbà. "I see what you mean, but": kò gbà. "Hmm, I'm not convinced": kò gbà rárá. "I suppose so" ló le jù, ó gbà á ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn, ẹ dúró gbọ́ bóyá "but" ń bọ̀ lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti sọ nǹkan fún àgbàlagbà tó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá yín lóhùn pé "mo ti gbọ́", ẹ mọ̀ pé ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó fara mọ́ ọn. Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn.

Etí Yorùbá àti ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Apá yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì bíi d, t tàbí s, fáwẹ̀lì ló ń gbẹ̀yìn wọn, nítorí náà etí wa ti mọ́ra láti má kọbi ara sí ohun kékeré tó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ohun kékeré yẹn ló ń sọ bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. "I'll have the soup" àti "I'd have the soup" ò jọra. Ti àkọ́kọ́ ti pinnu, ti ìkejì ṣì ń ronú tàbí ó ń dámọ̀ràn. Ìbéèrè odindi lè wà lórí 'd yẹn.

"Can" àti "can't" ńkọ́? Àwọn ará Bìrìtìkó máa ń fa "can't" gùn bíi káàn, t inú ẹ̀ lè má dún. Àwọn Amẹ́ríkà kì í fà á tó bẹ́ẹ̀, t tiwọn náà sì máa ń sọnù. Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ ni pé "can" máa ń fúyẹ́ láàárín gbólóhùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi "kn", "can't" ló máa ń wúwo. Èyí tó bá wúwo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò ṣeé ṣe ni wọ́n ń sọ.

Fún "fifteen" àti "fifty", ẹ má wá n tó wà lẹ́yìn, ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n tẹ̀: "fifteen", ìparí ẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀, "fifty", ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwa tá a ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ látìgbà èwe, èyí ò yẹ kó nira fún wa.

Ẹ máa gbọ́ ohùn Bìrìtìkó, Australia, New Zealand àti Àríwá Amẹ́ríkà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Australia, "day" lè sún mọ́ "die". Ará New Zealand lè pe "pen" kẹ́ ẹ rò pé "pin" ló sọ. Ẹ fi rédíò ABC ti Australia àti RNZ ti New Zealand sétí lórí íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa dáhùn ìbéèrè, kí etí yín ṣáà mọ̀ ọ́n.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Dídá ọ́díò dúró láàárín ìdánwò. Ìgbésẹ̀ 6 lẹ lè ti ṣe ìyẹn.
- Kíka transcript kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ́díò. Tójú bá ti rí i, etí ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.
- Mímú ọ́píṣọ̀n torí pé "ó bọ́gbọ́n mu". Ohun tí Sam sọ ni wọ́n bèèrè, wọn ò bèèrè ohun tẹ́yin máa ṣe.
- Níbi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ mú méjì nínú márùn-ún, àwọn kan á rí méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n mẹ́nu bà, wọ́n á bọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dópin. A dé E yẹn kì í fi dandan tẹ̀lé bí ọ́díò ṣe ń lọ, ìdáhùn kan lè wà ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ìkejì wà ní gbólóhùn tó kẹ́yìn. Èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kọ nínú méjèèjì ò ṣe nǹkan kan.
- Kíkó gbogbo ìdánwò tó wà nílẹ̀ ṣe tán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi bíi méjì pamọ́ dìgbà tí ìdánwò bá kù díẹ̀.

Tí kò bá sí iná, tí dátà sì ti tán

Ẹ mú transcript àtijọ́ kan, kẹ́ ẹ kọ ìbéèrè A, B, C tiyín sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an ṣe méjì tí kò tọ́, ẹ yí èdè ti ìdáhùn padà. Ẹ gbé e fún ọ̀rẹ́ yín kó dáhùn, kó sì kọ tiẹ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ ìdájọ́ ni ìṣòro yín, mi ò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ tó o, torí ẹni tó bá ti ń dẹ pàkúté fúnra ẹ̀, ó máa mọ ojú ẹ̀.

Ẹ tún lè jókòó pọ̀ kí ẹnì kan máa ka transcript sókè kí ẹnì kejì máa dáhùn, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ etí yín ní ohùn òyìnbó o.

Tí dátà díẹ̀ bá wà, BBC Learning English ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní 6 Minute English. Ó ní transcript, wọ́n sì máa ń bi ìbéèrè ọlọ́nà mẹ́ta kan níbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ìdáhùn ẹ̀ lápá ìparí. Ó rọrùn ju IELTS lọ, ìbéèrè yẹn náà kò rí bíi ti ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹ lè máa pe ọ̀rọ̀ tẹ̀lé wọn nínú mọ́tò tàbí nídìí ààrò.

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì

Ìgbà yìí lẹ tó wá máa ṣe odidi ìdánwò, láti ìbéèrè 1 dé 40 láìdìde. Ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é lọ́jọ́ náà: tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lẹ ti forúkọ sílẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ti máa dánra wò, torí fífi máòsì tẹ ìdáhùn yàtọ̀ sí fífi bírò kọ ọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú 2 lẹ máa ní lẹ́yìn ọ́díò láti yẹ ìdáhùn wò. Lórí pépà, níbi tí wọ́n bá ṣì ti ń ṣe é, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n ń fúnni láti da ìdáhùn kọ sójú pépà ìdáhùn.

Kẹ́ ẹ tó gbé ìdánwò kalẹ̀, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

- Ṣé 40 pé, kò sófo kankan?
- Níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ mú méjì, ṣé méjì lẹ mú, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe mẹ́ta?
- Tó bá jẹ́ orí pépà, ṣé ìdáhùn 21 wà níwájú 21, àbí ẹ ti fò kan tí gbogbo ìyókù sì ti sún sílẹ̀?
- Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yí padà, ṣé ẹ rántí gbólóhùn kan pàtó tó ní kẹ́ ẹ yí i, àbí àyà yín ló kàn ń já? Tó bá jẹ́ àyà ló ń já, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe kọ́kọ́ mú un.